Kọnkéré Yín Ti Le, Ṣùgbọ́n Ṣé Ó Dára? Bí Ẹ Ó Ṣe Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Wọ́n Tó Rẹ́ Ẹ

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ́lé máa ń bi wá jù ni èyí: "Wọ́n ti da dẹ́kìn mi, ó ti le, ṣé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ?" Fọ́tò dẹ́kìn náà, ìyẹn pẹpẹ kọnkéré tó wà láàárín àjà ìsàlẹ̀ àti ti òkè, á tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i pé abẹ́ bíìmù (ọ̀pá kọnkéré bùúbùú tó gbé dẹ́kìn) ti ní ihò, irin ń yọjú, bíríkìlà sì ti fi onílé lọ́kàn balẹ̀ pé pílásítà á bò ó. Òótọ́ ló sọ, pílásítà á bò ó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ pílásítà ni kò ní dáwọ́ dúró.

Líle nìkan kò tó. Kọnkéré lè le débi pé ìṣó ò ní ràn án, síbẹ̀ kó máa mu omi, kí irin inú rẹ̀ sì máa dípẹtà. Omi ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà: omi díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pò ó, omi púpọ̀ lẹ́yìn tó bá ti dì. Ọ̀pọ̀ sáìtì ló ń ṣe é sódì. Wọ́n á da omi sí i yàlàyòlò lọ́jọ́ tí wọ́n ń pò ó kó lè rọrùn láti tẹ́, lẹ́yìn náà wọn ò ní wọ́n ẹ̀kán omi kan sí i mọ́ títí wọ́n á fi tú pákó.

Onílé la kọ èyí fún. Kò lè rọ́pò ẹnjiníà. Ó wà kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ pè é.

## Ohun tí ẹ fẹ́, ohun tí ẹ ò fẹ́

Kọnkéré tó dára:
- ń gbé ẹrù tí wọ́n gbé lé e láì fọ́;
- kún dénú, kò ní ihò;
- kì í jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá;
- di irin mú pinpin, ó sì bò ó dáadáa;
- ojú rẹ̀ kì í hó, kì í sì í yọ ìyẹ̀fun tí ẹ bá fọwọ́ rà á.

Èyí tí kò dára:
- ní ihò bí afárá oyin;
- sán ju bó ṣe yẹ lọ;
- ń yọ nǹkan funfun lára nítorí omi tó ń gba inú rẹ̀;
- ń tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan;
- ní irin tó ń dípẹtà nínú rẹ̀.

Àléébù kan wà tó jẹ́ àbímọ́ fún kọnkéré, tí kò sí bíríkìlà tó lè mú un kúrò. Kọnkéré lágbára tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti títẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi irin sí i. Oore tó sì wà níbẹ̀ ni pé bí oòrùn bá mú, kọnkéré àti irin máa ń fẹ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọn kì í já ara wọn sílẹ̀. Nínú dẹ́kìn tó wà láàárín ògiri méjì, ìsàlẹ̀ ni fífà ti ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni irin tó gbé iṣẹ́ wà. Ní balùkónì tó yọ síta, òkè ni. Nítorí náà, bí àwọn lébùrà bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin òkè balùkónì wọlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé páànù kọjá, ẹ dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n bá dà sórí rẹ̀ lè le bí àpáta, balùkónì náà ṣì lè já.

Àléébù kejì ni ìwúwo. Mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga jẹ́ nǹkan bí 2,400 kìlò. Dẹ́kìn tó nípọn tó mílímítà 150 á wúwo tó 360 kìlò lórí mítà kan níbùú àti lóròó, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nípọn ju bí ìwé plánì ṣe wí lọ pé kó lè "lágbára sí i". Ìkẹta ni pé ó máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìlà tín-ín-rín ti ń wá.

## Kí ó tó le

Mi ò ní pẹ́ níbí, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin kò ṣeé fò.

1. Omi. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kìlò. Omi tó yẹ ẹ́ kò ju nǹkan bí 25 lítà lọ, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan. Bí òjò bá ti pa iyanrìn, ẹ dín in kù. Ìwọ̀nba omi ni sìmẹ́ǹtì lè jẹ. Ìyókù á gbẹ dànù, á sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀. Tí wọ́n bá lo 35 lítà dípò 25, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ lè lọ.
2. Sìmẹ́ǹtì. Ẹ wo ara àpò. Nọ́ńbà agbára sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀: 42.5 ni fún pílà (òpó kọnkéré), bíìmù àti dẹ́kìn. Ẹ fi 32.5 sílẹ̀ fún pílásítà.
3. Iyọ̀. Iyanrìn etí òkun àti omi kànga tó níyọ̀, irú èyí tó wà káàkiri Lẹ́kì, Ajah àti Badagry, máa ń mú kí irin dípẹtà. Omi tí ẹnu yín ò lè gbà, ẹ má fi po kọnkéré.
4. Gbígbọ̀n. Ẹ háyà fáíbírétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú kọnkéré, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ló bá a lọ. Fífi igi gún un lásán kò tó fún bíìmù tí irin rẹ̀ pọ̀.

## Ọjọ́ méje tó ṣe pàtàkì jù

Kọnkéré kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tó fi ń le; bí omi bá tán, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Èyí tí wọn ò bá bomi rin rárá lè pàdánù tó ìdajì agbára tó yẹ kó ní, ojú rẹ̀ tó sún mọ́ irin ló sì máa ń bàjẹ́ jù.

1. Ẹ dúró títí ìka ò fi ní rin mọ́ tí ẹ bá tẹ ojú rẹ̀. Tí wọ́n bá dà á láàárọ̀, ó sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi tí ẹ bá dà kó tó dì á ṣan sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ lọ.
2. Fún dẹ́kìn, ẹ fi iyanrìn tàbí sìmẹ́ǹtì ṣe ebè kékeré yí i ká, kí ẹ bu omi sí i kó dúró síbẹ̀.
3. Fún pílà, ẹ fi àpò tó rin wé e, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú pákó.
4. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ọjọ́ 14 ló dára jù, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn máa ń fa omi jáde kíákíá.

Máígáàdì ni iṣẹ́ yìí máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ fún un ní owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má kà á mọ́ owó oṣù rẹ̀. Iye rẹ̀ kò tó ti àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan, mi ò sì mọ owó mìíràn lórí sáìtì tó lérè tó bẹ́ẹ̀.

## Àyẹ̀wò, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀

1. Ẹ ka ọjọ́. Pákó ẹ̀gbẹ́ pílà lè kúrò lẹ́yìn wákàtí 24 sí 48. Igi tó ti dẹ́kìn lábẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò kó tó pé ọjọ́ 14, ọjọ́ 21 ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 7, kọnkéré sábà máa ń ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní ní ọjọ́ 28. Tí ẹ bá fẹ́ tú igi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín dẹ́kìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti balùkónì yàtọ̀: láti etí tó wà níta ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ sínú.

2. Ẹ wò ó ní ìhòòhò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi nǹkan kan bò ó kí ẹ tó dé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́, má ṣe tàn án tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni òjìji ihò ti ń hàn. Ibi tí àléébù máa ń fara pamọ́ sí ni ẹsẹ̀ pílà, abẹ́ bíìmù, àti ibi tí bíìmù ti pàdé pílà, níbi tí irin ti pọ̀ débi pé òkúta kò ráyè kọjá.

3. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án. Ẹ má gbá a, ẹ kàn án ni. Kọnkéré tó kún á dún gan-an-gan-an, òòlù á sì ta padà. Ibi tó bá dún bọ̀ọ̀, ihò wà níbẹ̀ tàbí kí ojú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára inú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kí ẹ máa kàn án lọ títí ẹ ó fi rí ibi tó parí sí.

4. Ẹ fi ìṣó ha á. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ìlà funfun tín-ín-rín ló yẹ kó fi sílẹ̀. Tí ìṣó bá ń wọlé, tí iyanrìn sì ń dà sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò dára. Ó lè jẹ́ ojú nìkan, nítorí òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sì lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wọlé díẹ̀, kí ẹ tún ha á.

5. Ẹ kán omi sí i. Níbi tó gbẹ, ẹ kán omi díẹ̀ sílẹ̀. Bí kọnkéré bá fà á mu lójú ẹsẹ̀, ihò tíntìntín pọ̀ nínú rẹ̀. Fún dẹ́kìn ilé ìwẹ̀ tàbí òrùlé pẹrẹsẹ, ẹ ṣe ebè, kí ẹ bu omi tó ga tó mílímítà 50 sí i fún wákàtí 24, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀: omi yẹn wúwo tó 50 kìlò lórí mítà kan níbùú àti lóròó. Igi tó tì í lábẹ́ kò gbọdọ̀ tíì kúrò.

6. Ẹ wo bí kọnkéré ṣe bo irin sí. Bó bá jẹ́ dẹ́kìn inú ilé, ó sábà máa ń tó mílímítà 25. Ti pílà 40. Ti ìpìlẹ̀ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòrí yìí ló ń dáàbò bo irin. Afẹ́fẹ́ máa ń wọ kọnkéré díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń pa agbára tí sìmẹ́ǹtì ní láti má jẹ́ kí irin dípẹtà. Tí ìbòrí bá jẹ́ ìlọ́po méjì, àkókò tí afẹ́fẹ́ á lò kó tó dé ara irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá ti rí àmì irin lábẹ́ dẹ́kìn, bí ìlà tó tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n gbàgbé láti fi òkúta kéékèèké gbé irin kúrò lórí pákó nìyẹn.

7. Ẹ béèrè èsì kúbù, ìyẹn kọnkéré kékeré tí wọ́n ń fọ́ ní láàbù láti mọ agbára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dà á ló yẹ kí wọ́n ti bu nínú rẹ̀ sí àpótí irin tó jẹ́ mílímítà 150 níhà gbogbo. Wọ́n á rì wọ́n sínú omi, wọ́n á fọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ 7 àti ìyókù ní ọjọ́ 28. Ní Èkó, Lagos State Materials Testing Laboratory ń ṣe é. Àwọn yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹnjiníà náà sábà máa ń ní ẹ̀rọ rẹ̀. Kúbù tó bá ní agbára 25 (N/mm², ìwọ̀n tí láàbù ń lò) á gbé ẹrù tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 57 kó tó fọ́. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu kúbù. Wọ́n lè po èyí tó dára sọ́tọ̀ fún láàbù, kí wọ́n sì da òmíràn sí ilé yín.

## Kọnkéré sán: èwo ló léwu?

Kò sí kọnkéré tí kì í sán rárá. Ìwọ̀n, ibi tó wà àti bóyá ó ń gbòòrò ni ẹ máa wò.

1. Ẹ mú ìwé A4 lásán mẹ́ta, kí ẹ tò wọ́n pọ̀. Nínípọn wọn jẹ́ nǹkan bí mílímítà 0.3, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ òfin ìkọ́lé kà sí òpin fún kọnkéré onírin.
2. Ẹ gbìyànjú láti fi etí wọn wọ ojú tó sán. Tí ìwé kan ò bá wọlé, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, ẹ pe ẹnjiníà. Tí káàdì ATM bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lábẹ́ rẹ̀ títí ẹnjiníà á fi dé.
3. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí orí méjèèjì ibi tó sán, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Èyí tó bá ti kọjá àmì yẹn ṣì ń rìn.

Ibi tó wà ló ń sọ ohun tó fà á:
- Ìlà wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n lórí dẹ́kìn: oòrùn tàbí atẹ́gùn gbẹ ojú rẹ̀ yára jù. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kì í sábà wó ilé.
- Ìlà tó dúró ṣánṣán lábẹ́ bíìmù, ní àárín: ẹrù ń pọ̀ jù fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n.
- Ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ níbi tí bíìmù ti sún mọ́ pílà: ewu ni. Irú èyí kì í fúnni láyè púpọ̀ kó tó já. Ẹ ti bíìmù náà lábẹ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.
- Ìlà tó tọ irin lọ gbọọrọ, tí àwọ̀ pupa ń ṣàn jáde nínú rẹ̀: ìpẹtà ni. Irin tó dípẹtà máa ń wú ju ìlọ́po méjì àyè tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ, òun ló ń ti kọnkéré síta.

## Àṣìṣe tí a ń rí káàkiri

- Kí wọ́n wọ́n sìmẹ́ǹtì gbígbẹ sórí dẹ́kìn tó ń yọ omi kó lè gbẹ. Ojú náà á máa yọ ìyẹ̀fun títí ayé.
- Kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù jọ sí àárín dẹ́kìn lọ́jọ́ kejì. Búlọ́ọ̀kù 9-inch kan lè ju 20 kìlò lọ. 100 rẹ̀ lójú kan ti lé ní tọ́ọ̀nù méjì.
- Kí wọ́n tún omi dà sí kọnkéré tó ti ń dì nítorí pé wọ́n lọ jẹun. Ẹ da èyí nù.
- Kí wọ́n gbẹ́ ojú bíìmù láti fi wáyà iná tàbí páìpù kọjá. Kí ẹlẹ́túríìkì àti púlọ́ḿbà ti to páìpù wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré, tí ẹnjiníà bá fọwọ́ sí i.
- Kí wọ́n kun ọ̀dà sórí nǹkan funfun tó yọ lára ògiri. Omi ló gbé e wá. Ọ̀dà á hó kúrò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá ojú ibi tí omi ti ń wọlé dí.

## Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ihò tí kò jìn, tí irin kò hàn: ẹ gbẹ́ gbogbo ohun tó bá mì kúrò, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó rin ṣùgbọ́n kí omi má dúró sójú rẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ǹtì kan mọ́ iyanrìn méjì, kí omi rẹ̀ má pọ̀, kí ẹ fi dí ihò náà pinpin, kí ẹ sì bomi rin ín fún ọjọ́ 7.

Ihò tí irin hàn nínú rẹ̀: kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà nìkan. Ẹ ti ibẹ̀ ní igi, kí ẹ pe ẹnjiníà kó sọ bóyá wọ́n á dí i pẹ̀lú èlò tí kì í súnkì ni, tàbí wọ́n á fọ́ apá ibẹ̀ kí wọ́n tún un dà.

Irin tó ti dípẹtà: ẹ fọ́ kọnkéré yí irin ká títí dé ibi tí irin ti mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà họ ọ́, kí wọ́n tó dí i. Tí ìpẹtà bá ti jẹ irin tín-ín-rín, wọ́n gbọ́dọ̀ so tuntun mọ́ ọn. Rírẹ́ ẹ lásán á tún ṣí padà.

Èsì kúbù kò pé: ẹ má wó ilé lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ẹnjiníà á lo òòlù Schmidt, tó ń wọn bí ojú kọnkéré ṣe ń ta á padà, ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ìyẹn mọ̀. Kọnkéré tó ti pẹ́ lè tàn án. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ègé roboto bí ọ̀pá jáde láti inú kọnkéré, kí wọ́n lọ fọ́ ọ ní láàbù, ló dájú jù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè fi irin àti kọnkéré tuntun wé pílà, wọ́n lè dín àjà tí ẹ fẹ́ kọ́ kù, tàbí kí wọ́n wó apá kan.

Ilé tó jóná: bí kọnkéré bá ti pọ́n bí òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú, ooru rẹ̀ ti kọjá nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ sì ti ń lọ. Ẹ má kàn kun ọ̀dà kí ẹ padà wọlé.

## Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun

Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ní London tàbí Houston máa ń jẹ́ ti ibi tó dára. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí lórí fídíò, ní tààràtà:
- abẹ́ bíìmù kọ̀ọ̀kan àti ẹsẹ̀ pílà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ;
- ara àpò sìmẹ́ǹtì níbi tí nọ́ńbà 42.5 wà;
- iye kẹ́ẹ̀gì omi tó ń wọ àpò kan;
- dẹ́kìn tí omi wà lórí rẹ̀, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ méje;
- kúbù tí wọ́n kọ déètì sí lára.

Kẹ́ ẹ sì ti sọ ọ́ nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá kan owó iṣẹ́ dẹ́kìn á wà lọ́wọ́ yín títí èsì kúbù ọjọ́ 28 á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́.